Ẹṣin Tí Àárẹ̀ Kì Í Mú

Bàbá mi pẹ́ ní Kàdúná kó tó fẹ̀yìn tì wá sílé ní Kàbà. Iṣẹ́ ìjọba ló ṣe níbẹ̀, ṣùgbọ́n pápá eré ẹṣin ni ọkàn rẹ̀ máa ń wà ní gbogbo Sátidé. Súkúwà ló ń pe eré náà, bí àwọn Haúsá ṣe ń pè é. Òun ló kọ́ mi pé ẹṣin kì í sáré bákan náà. Òmíràn á gba iwájú láti ìbẹ̀rẹ̀, òmíràn á rọra tẹ̀ lé e, òmíràn á sì wà lẹ́yìn pátápátá títí eré á fi kù díẹ̀. Bí àwọn tó fẹ́ iwájú bá pọ̀, wọ́n á du iwájú títí agbára wọn á tán, èyí tó wà lẹ́yìn á wá já wọn sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ló fẹ́ iwájú, kò sí èyí tó máa bá a mọ́.

Ilé tẹ́tẹ́ kan wà nítòsí ọjà Kàbà. Láti àárọ̀ ni ẹṣin ń sáré nínú tẹlifíṣọ̀n ibẹ̀, kọ̀ǹpútà ló sì ń ya gbogbo wọn. Bàbá mi ń lo ọgbọ́n Kàdúná fún wọn, ó sì ń pàdánù. N kò mọ̀ títí màmá mi fi pè mí pé ìdajì èèbù iṣu tí wọ́n fẹ́ gbìn ti di títà. Ó ní kí n wá bá a sọ̀rọ̀ kí ìyókù tó bá a lọ.

Láti Lọ́kọ́ja tí mò ń gbé ni mo ti ń bínú bọ̀. Mo bá a nílé tẹ́tẹ́ náà láàárín àwọn ọ̀dọ́ tó ń bi í léèrè èyí tí wọn ì bá mú. Mo kí i, ó ní, "Okun o," bí wọ́n ṣe ń kíni ní Kàbà, kò wo ojú mi. Eré náà parí, èyí tó ti wà níwájú láti ìbẹ̀rẹ̀ ló gbà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mẹ́ta bá a du iwájú dópin. Mo wá sọ fún un wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ pé àwòrán lásán ni wọ́n.

Kò bínú. "Mo ti mọ̀," ló wí. "Mo wo imú wọn lẹ́yìn eré, kò sí èyí tó ń mí. Ẹṣin tí àárẹ̀ kì í mú kì í ṣe ẹṣin."

Mo bi í pé kí ló wá ń wá níbẹ̀.

"Ibí nìkan ni wọ́n ti ń bi mí léèrè nǹkan. Nílé, ohun tí ẹ máa ń bi mí ni bóyá mo ti lo oògùn."

Ìbínú mi wọlẹ̀. Ìbànújẹ́ ló kù, ó sì wúwo. Nígbà tí mo délé, màmá mi bi mí ṣé ó ti gbọ́. Mo ní ó ti gbọ́.

Òjò dé, ebè wà lóko, èèbù kò sí mọ́. Màmá mi fi àgbàdo sí díẹ̀ nínú wọn, koríko gba ìyókù.