Ìgò Dúdú Ìyá Oníkànga

Yàrá tí wọ́n yá wa lò ní Ìbà, ti àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni. Òórùn ìtọ̀ ọmọdé àti ti oògùn tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, kó tó di pé òórùn oògùn ìpara tó wà lára àwa àgbà bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àga ibẹ̀ kò ga ju àpótí ìdáná lọ. Ìbá wù mí kí o rí wa nígbà náà, ọ̀rẹ́ mi: àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, àwọn tó ti tajà títí orúnkún fi kọ̀ fún wọn, gbogbo wa jókòó sórí àga pupa àti àga aláwọ̀ ewé, orúnkún fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Bí ẹnì kan bá fẹ́ dìde, ẹni méjì ni yóò fà á.

Ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì àwọn àgbà la pe ara wa. Èmi ni mo dá a sílẹ̀ lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì ní yàrá àyẹ̀wò yunifásítì tí mo ti ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí mo ti Oǹdó dé. Ká má parọ́, ilé ló sú mi. Mo ra ògbólógbòó maikirosíkóòpù kan ní ọjà Àlàbá lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ ohun tó ń tà, òun la sì fi wo awọ àlùbọ́sà ní ìpàdé wa àkọ́kọ́. Bàbá kan wà láàrin wa tó ti fi ogójì ọdún tún rédíò ṣe ní Àlàbá yẹn kan náà. Ó tẹjú mọ́ ẹ̀rọ náà títí, ó wá gbórí sókè, ó ní, "Háà! Ṣé inú ilé oníyàrá ni àlùbọ́sà ń gbé láti ọjọ́ yìí tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi?" A rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́.

Òfin kan ṣoṣo la ní, èmi náà ni mo ṣe é. Ẹni tó bá gbé nǹkan wá fún àyẹ̀wò, òun fúnra rẹ̀ ni yóò dìde, tí yóò ka èsì rẹ̀ sétí gbogbo wa. Ìdí ni pé àwọn tó kàwé láàrin wa, pàápàá àwa ará Èkìtì àti Oǹdó, a fẹ́ràn láti máa gba ọ̀rọ̀ mọ́ ẹni tí kò kàwé lẹ́nu. Ẹni tó gbádùn òfin yìí jù ni ìyá kan láti Okokomáíkò tí a ń pè ní Ìyá oníkànga. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọmọ Ìjẹ̀bú ni, aṣọ òkìrìkà ló tà títí ó fi dàgbà. Kò rí ilé-ìwé lọ ní kékeré, ọ̀dọ̀ wa ló ti kọ́ nọ́ńbà àti ọ̀rọ̀ kéékèèké. Bí ó bá ti kàn án, á tún ìborùn rẹ̀ wé, á wúkọ́ díẹ̀ bí alága ìpàdé, á wá ka èsì búrẹ́dì tí a ní kí kálukú fi sílẹ̀ kó bu, "Búrẹ́dì mi bu ní ọjọ́ kẹrin", bí ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò. A máa ń pàtẹ́wọ́ fún un, á sì jókòó pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu.

Nígbà tó yá, àyẹ̀wò wa kan omi. Ìwọ náà mọ omi kànga agbègbè wa. Ó ń rùn bí irin, ó sì máa ń fi àwọ̀ pupa sílẹ̀ lára báàfù. A ti gbà pé àléébù rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Mo wá pín ìgò kéékèèké fún wọn, èyí tí mo ti po oògùn kan sí, láti fi wá àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń ti inú ìgbẹ́ wọ inú omi. Wàá bu omi sínú ìgò, wàá gbé e síbi tó móoru fún ọjọ́ méjì. Bí omi bá mọ́, kò ní yí padà. Bí ìdọ̀tí ṣáláńgá bá ti dé ibẹ̀, yóò dúdú bí ọṣẹ dúdú. Kálukú bu omi ilé rẹ̀ wá, wọ́n kọ orúkọ wọn sára ìgò, mo sì kó gbogbo rẹ̀ sínú kúlà tí kò ní yìnyín, kí ooru má bàa jáde, mo gbé e lọ sílé.

Ní ọjọ́ Ajé, mo ṣí kúlà náà. Ìgò mẹ́rin ló ti dúdú. Ọ̀kan jẹ́ ti bàbá tó ń tún rédíò ṣe. Ìkẹrin, lẹ́tà gbàǹgbà-gbàǹgbà tó ń wọ́ sí ọ̀tún àti sí òsì ló wà lára rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń kọ̀wé bẹ́ẹ̀ láàrin wa àfi Ìyá oníkànga.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí kànga yẹn jẹ́ fún ọ. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni ìyá náà bí, àìsàn sì pa á nígbà tó ń múra àtigbéyàwó. Ìyá kó gbogbo ohun tó ní jọ, ó fi gbẹ́ kànga síwájú ilé, sí ìta ọgbà, kí ẹnikẹ́ni lè fa omi láìkan ilẹ̀kùn. Sàráà ni fún ọmọ náà. Àlùfáà mọ́sálásí wọn ti sọ fún un pé gbogbo ìgbà tí òùngbẹ bá kúrò lára ẹnì kan nítorí omi yẹn, ẹ̀san rẹ̀ ń lọ bá ọmọ náà nínú sàréè. Ó ti lé ní ogún ọdún tí gbogbo àdúgbò ti ń fà á. Ìjọ Áńgílíkà ni èmi ń lọ, ṣùgbọ́n ó yé mi yékéyéké pé kànga yẹn nìkan ni ohun tí ìyá náà ṣì lè ṣe fún ọmọ rẹ̀.

Mo lè lọ bá a. Kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo ni láti ilé mi dé Okokomáíkò. Mo lè jókòó tì í, kí n fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ní màá lọ lọ́la. Ní Ọjọ́rú, òjò rọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ara mi pé òfin ni òfin, pé bí mo bá yọ ìyá sọ́tọ̀, mo ti sọ ọ́ di ọmọdé nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí, àmọ́ irọ́ ni. Ẹ̀rù ló bà mí. Ọjọ́ márùn-ún gbáko ni àdúgbò fi mu omi tí mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ó sì ń dùn mí títí dòní.

Nígbà tí Àbámẹ́ta pé, bàbá tó ń tún rédíò ṣe ló kọ́kọ́ dìde. "Tèmi dúdú bí ọkàn lánlọ́ọ̀dù mi àtijọ́," ó ní, gbogbo yàrá sì bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló kan Ìyá oníkànga. Ó tún ìborùn rẹ̀ wé. Ó wúkọ́ díẹ̀. Ó gbé ìgò náà sókè.

"Dúdú," ó ní. Ó yí i sí ojú fèrèsé. "Àǹtí, ẹ bá mi wò ó. Àbí ojú mi ni?"

"Ojú yín kọ́, Ìyá," ni mo dáhùn.

Bàbá fẹ́ tù ú nínú. "Ìyá, ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Ṣebí tèmi náà dúdú, mo sì ń jẹun dáadáa."

"Inú ọgbà yín ni tiyín wà, Bàbá," ni ìyá fèsì. "Ìta ni tèmi wà."

Ó jókòó sórí àga kékeré rẹ̀, ó gbé ìgò náà lé itan. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́.

A gbìyànjú o. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, gbogbo ẹgbẹ́ kó ara wọn lọ sí Okokomáíkò pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀ àti ẹ̀yìn dídùn. A fa omi kànga náà kúrò, a da kiloríìnì sí i bó ṣe yẹ. Nígbà tí a tún dán an wò, ìgò náà mọ́ kedere, ìyá sì fi ìdùnnú jó yípo kànga. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó tún dúdú. A tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, ó tún dúdú. Mo wá wọn ilẹ̀. Ihò tí omi ṣáláńgá ilé kejì ń rọ̀ sí kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́sàn-án lọ sí kànga náà. Nígbà tí ìyá gbẹ́ kànga, igbó ni ibẹ̀, kò sí ilé kankan níbẹ̀. A ránṣẹ́ pe onílé, ó sì wá. Ó rìn yí ọgbà rẹ̀ ká pẹ̀lú wa, ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin náà ẹ wò ó, sípéèsì ò sí. Ṣé orí rúùfù ni kí n gbé e sí ni?" Kò sọ̀sọkúsọ. Ilẹ̀ ti tán, ògiri ti fara kan ògiri, òótọ́ ló sì ń sọ.

Nígbà tí ó lọ tán, ìyá fà mí lọ́wọ́, a jókòó sí etí kànga.

"Àǹtí," ó ní, "láti ọjọ́ yìí wá, kí ni mo ti ń fi ránṣẹ́ sí ọmọ mi?"

Mo bi í bóyá ó ti bá àlùfáà wọn sọ̀rọ̀. Ó ní àlùfáà sọ pé Ọlọ́run mọ ọkàn òun. "Mo gbà, Ọlọ́run mọ̀ ọ́n. Àwọn tó mu ún ńkọ́?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ọmọ àdúgbò tí inú ti run, tí ibà ti gbé dè, ó ń ka wọ́n lórí ìka, bí ó bá sì ti dárúkọ ọ̀kan, á wo ojú mi. Ṣé omi náà ni? Ohun tí mo lè sọ kò ju pé kò ṣeé mọ̀ mọ́. Gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò, èmi tí wọ́n ń pè ní ọ̀gá, ìdáhùn tí mo ní fún ìyá náà nìyẹn.

Ó ra àgádágodo, ó fi ti kànga pa. Ọjọ́ mẹ́ta kò pé tí wọ́n fi já a. Ta ni kí n bá wí? Iná ò sí, ilé tó ní bohóòlù kò lè fa omi, gbogbo ènìyàn kò sì lè máa ra omi ní ojoojúmọ́. Obìnrin kan tilẹ̀ dúró níwájú ilé, ó ní, "Ṣé wọ́n máa ń gba sàráà padà ni?" Ìyá gbọ́ ọ láti inú ilé. Láti ọjọ́ náà, kò tì í pa mọ́. Ó gbé àpótí rẹ̀ síta lówùúrọ̀, ó ń bẹ gbogbo ẹni tó bá wá fa omi: "Ẹ sè é o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sè é kí ẹ tó mu ún." Wọ́n á ní, "A ti gbọ́, Mọ́mì." Mo jókòó tì í lọ́jọ́ kan. Obìnrin kan fa omi, ó dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ bu nínú garawa rẹ̀, ó mu ún níṣojú wa. Ìyá wò mí, mo wo ilẹ̀.

Mo ti yí òfin ẹgbẹ́ padà. Bí ìgò ẹnì kan bá dúdú báyìí, ọjọ́ náà gan-an ni mo ń lọ bá a nílé. Mo máa ń rò tẹ́lẹ̀ pé bí ènìyàn bá ti mọ ohun tó ń ṣe é, ìdajì ìwòsàn ti dé. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún ìyá. Ohun tó mọ̀ kò wo ohunkóhun sàn, ó kàn gba oorun lójú rẹ̀ ni, èmi ni mo sì kọ́ ọ.

Síbẹ̀, kò pa ìpàdé jẹ rí. Lóṣooṣù ló ń bu omi kànga náà wá, lóṣooṣù ló ń tún ìborùn wé, tó ń dìde, tó ń ka "Dúdú," tó ń jókòó. Lóṣù tó kọjá, mo fà á sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ní, "Ìyá, ẹ má ṣe wàhálà mọ́. A ti mọ bí yóò ṣe rí."

Ó wò mí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ mi yà lẹ́nu. "Àǹtí, ọmọ mi nìyẹn. Bí ara ọmọ ò bá yá, ṣé a kì í lọ wò ó mọ́ ni?"

Mo gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo kọ ọjọ́ sí i lára, mo sì tò ó sínú kúlà pẹ̀lú àwọn yòókù.