Wàrà Ìkookò Lára Igi Jíjẹrà

Òórùn igi jíjẹrà lẹ́yìn òjò ni ó máa ń gbé mi padà sí Padova ní Italy, sí ọgbà kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ìyá àgbà òyìnbó tí iṣẹ́ mi jẹ́ láti máa tọ́jú nígbà náà. Signora ni mo ń pè wọ́n. Olùkọ́ ni wọ́n tẹ́lẹ̀, ẹ̀kọ́ nípa ewéko àti ẹranko ni wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n ojú wọn ti di bàìbàì. Wọn kò lè kàwé mọ́, wọn kò sì lè dá ènìyàn mọ̀ àfi tí onítọ̀hún bá sọ̀rọ̀. Àwa méjì péré la wà nínú ilé ńlá náà. Tí wọ́n bá ti sun oorun ọ̀sán, ilé á dákẹ́ débi pé mo máa ń bá fìríìjì sọ̀rọ̀. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni mo ń gbọ́ Yorùbá lójúkojú, ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó wà nínú capannone kan, ilé ìkẹ́rùsí ńlá, lẹ́yìn ìlú. Tí ìsìn bá parí, oníkálùkù á kó ẹbí rẹ̀ sínú mọ́tò, èmi á lọ dúró de bọ́ọ̀sì.

Ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo wà lọ́dọ̀ màámi ní Ìwó. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń pe orúkọ ara rẹ̀ ni nígbà tí mo fi í sílẹ̀. Ìwé ricongiungimento tí mo fi béèrè pé kí ó wá bá mi kò yára rárá, ẹ̀rù kan ṣoṣo tó sì ń bà mí ni pé tó bá dé, n kò ní dá a mọ̀. Fọ́tò tí màámi ń fi ránṣẹ́ kò ṣe é gbọ́kàn lé. Wọ́n gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú èyí, wọ́n di ṣùkú fún un nínú ìyẹn, eyín iwájú ká, òmíràn hù. Èmi náà rèé, tí mo bá fẹ́ ya fọ́tò tàbí kí n pè wọ́n lórí fídíò, màá dé wíìgì gígùn, màá kun àtíkè, màá sì jókòó sábẹ́ iná ńlá pálọ̀ Signora kí màámi àti ọmọ mi má baà rí i pé mo ti rù. Mo rò pé ọgbọ́n ni mò ń dá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, mo ń gbá ewé nínú ọgbà nígbà tí mo rí àwọn nǹkan róbótó róbótó lára ìtì igi àtijọ́ kan. Wọn kò ju ẹ̀pà lọ, àwọ̀ wọn sì dà bí inú gúáfà. Mo kọ́kọ́ pe ẹ̀jẹ̀ Jésù sí i. Lẹ́yìn náà ni mo wọlé lọ sọ fún Signora pé olú kan hù tí kò jọ olú. Wọ́n dìde jókòó dáadáa. Wọ́n ní kì í ṣe olú, mixomicete ni, ohun yíyọ̀ kan tí kì í ṣe ewéko, tí kì í sì í ṣe ẹranko, tó máa ń rìn díẹ̀díẹ̀ lórí igi jíjẹrà kí ó tó fìdí kalẹ̀. Oríṣiríṣi ló wà, ó sì wù wọ́n gan-an láti mọ èyí tó wà nínú ọgbà wọn. Ni wọ́n bá fún mi ní awò kékeré kan tó ń sọ nǹkan di ńlá, wọ́n rán mi padà pẹ̀lú ìbéèrè. Ṣé ó lẹ́sẹ̀? Ṣé ó dá wà ni, àbí ó kó jọ? Báwo ni awọ ara rẹ̀ ṣe rí? Tí a bá tẹ̀ ẹ́, kí ló ń jáde?

Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀. Kò lẹ́sẹ̀. Ó kó jọ. Ara rẹ̀ rí wínníwínní bí awọ adìyẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tu ìyẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo tẹ ọ̀kan, ohun kan tó ki bí ọṣẹ ìfọyín tú jáde, àwọ̀ gúáfà náà ni. Mo ń wọlé, mo ń jáde, mo ń fi bàtà kó ẹrọ̀fọ̀ sórí ilẹ̀ tí èmi fúnra mi máa nù, inú mi sì ń dùn. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi mí ní ohun tí mo rí. Signora rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní ó jọ oríṣi kan tí wọ́n ń pè ní wàrà ìkookò, ṣùgbọ́n kí n máa ṣọ́ ọ títí yóò fi gbó.

Òjò kò jẹ́ kí n lọ wò ó fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí mo padà débẹ̀, tiwa kò sí mọ́. Àwọn kan tó rí bí eérú ló jókòó sí àyè wọn. Ó dùn mí ju bó ṣe yẹ lọ. Mo lọ sọ fún Signora pé ẹyẹ ti ṣà wọ́n jẹ, pé oríṣi mìíràn ti wá. Wọ́n tún bi mí ní gbogbo ìbéèrè náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò lẹ́sẹ̀. Ó kó jọ. Awọ ara rẹ̀ ṣì rí wínníwínní. Mo tẹ̀ ẹ́, lẹ́búlẹ́bú bí àtíkè ló fẹ́ jáde. Signora rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi húkọ́.

"Òun náà ni," wọ́n ní. "Ó gbó ni. Àwọ̀ ló máa ń tan ènìyàn jẹ. Ohun tí kì í yí padà ni kí o máa wò."

Ọjọ́ náà ni mo sọ ọ̀rọ̀ ọmọ mi fún wọn. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n bi mí pé kí ni kò lè yí padà lára rẹ̀. Mo ronú títí. Ohun kan ṣoṣo tí mo rí mú ni pé tí ojú bá ń tì í, ó máa ń fi ẹsẹ̀ kan tẹ èkejì mọ́lẹ̀.

Kí ìwé tó jáde, wọ́n ti gbé Signora lọ sí casa di riposo, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, èmi sì ti ríṣẹ́ ní Treviso, níbi tí a ti ń kan àga. Ní ọjọ́ tí ọmọ mi ń bọ̀, láti ibi iṣẹ́ ni mo ti lọ sí pápákọ̀ òfurufú Venice, pẹ̀lú gèlè lásán lórí àti eruku pákó lára. Arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ń bọ̀ láti ilé ló bá mi mú ọmọ náà wá, ẹrù ló sì dá arábìnrin náà dúró sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ àwọn ọmọ tó ń jáde ni mò ń wò, n kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Mo rí i. Ó ga, ó rù, ó fi ẹsẹ̀ kan tẹ èkejì mọ́lẹ̀. Mo dá a mọ̀ kí n tó gbójú sókè.

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá bá mi, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán mà. Ẹ jọ̀ọ́, màámi ni mò ń wá. Wọ́n pupa, irun wọn gùn."

Ó na fóònù sí mi. Fọ́tò mi ló wà níbẹ̀, tèmi ti wíìgì, lábẹ́ iná Signora.

N kò mọ ohun tí mo lè ṣe ju kí n pe oríkì rẹ̀, bí mo ṣe máa ń pè é lórí fóònù. Nígbà tó gbọ́ ohùn mi, ó gbórí sókè, ó tẹjú mọ́ mi. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó fà mọ́ mi.

Ó ti ga jù mí lọ báyìí, èdè Italy ló sì fi ń dá mi lóhùn. Signora ti kú. Tí mo bá rí ìtì igi létí odò Sile, mo ṣì máa ń kúnlẹ̀, màá bi ara mi ní ìbéèrè Signora, màá sì dáhùn nínú ọkàn mi. Fọ́tò onírun gígùn yẹn ṣì wà lórí fóònù ọmọ mi. Mo ti ní kí ó pa á rẹ́, ó kọ̀, ó ní, "È mia mamma anche quella." Lóòótọ́, ìyá rẹ̀ nìyẹn náà, òun ló fi ìgbà èwe rẹ̀ dúró dè. Nígbà mìíràn tí mo bá kọjá lẹ́nu yàrá rẹ̀, màá bá a tó ń wo fọ́tò náà. Mi ò ní wọlé. Màá dúró níbẹ̀ díẹ̀, màá sì máa retí pé kí ó ti fi ìrìn mi mọ̀ pé èmi ni.