Sinimá Tí Mo Wò Láti Ẹ̀yìn Aṣọ

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí ilé wa wà ní Agége, kò sí ohun tó wù mí bíi kí n rí ara mi nídìí máṣíìnì ìránṣọ. Ọ̀sán gangan ni èmi máa ń lá àlá tèmi. Bí wọ́n bá rán mi níṣẹ́ lọ sí Àgídìngbì, màá ti gé búbá méjì lọ́kàn kí n tó débẹ̀. Ìyá mi á ní, "Ìwọ ọmọ yìí, níbo lo tún lọ?" bẹ́ẹ̀ iwájú wọn ni mo jókòó sí.

Ohun kan ló ń dà mí láàmú: ọwọ́ òsì ni mo ń lò. Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí ò lè mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wúwo tó. Ìyá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ pọ́ńbélé, máa ń fi ọ̀já so ọwọ́ náà mọ́ mi lára bí mo bá fẹ́ jẹun. Obìnrin aránṣọ kan nítòsí rélùwéè Ìkẹjà rí bí mo ṣe mú àlùmọ́gàjí, ó ní òun ò lè kọ́ ọlọ́wọ́ òsì níṣẹ́. Mo sunkún délé.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni ọkọ̀ sinimá dé àdúgbò wa. Wọ́n ta aṣọ funfun sáàárín pápá. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú wa, nítorí náà àwọn ọkùnrin gba iwájú, àwa obìnrin ká ẹní wa, a lọ sẹ́yìn aṣọ. Àwòrán náà hàn dáadáa lọ́dọ̀ wa, a ò mọ̀ pé ìyàtọ̀ kankan wà.

Ọmọbìnrin òyìnbó kan ló wà nínú rẹ̀. Yóò jókòó lójú fèrèsé, ọbẹ̀ á jóná, wọn á pè é títí, kò ní gbọ́. Mo ní, háà, èmi rèé! Ìgbà tó dìde láti gé aṣọ, ọwọ́ òsì ló fi mú àlùmọ́gàjí. Òsì ni ìyá rẹ̀ fi ń jẹun, òsì ni bàbá rẹ̀ fi ń bọ èèyàn lọ́wọ́. Mo pariwo, "Ìyá mi, ẹ wò ó! Gbogbo wọn ni!" Ìyá mi tẹjú mọ́ aṣọ náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá mi fà mí lọ́wọ́, ó di ọ̀dọ̀ aránṣọ ìjọsí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, a rí i ní sinimá lánàá. Òyìnbó tó ṣe máṣíìnì yìí gan-an, ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń ránṣọ. Ẹ bá mi gbà á."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí, ó ní kí n wọlé. Láti ọjọ́ náà, ọ̀já ò kan ọwọ́ mi mọ́.

Mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi kí n tó jókòó níwájú aṣọ sinimá. Ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo wọn ń lò! Ẹ̀yìn tí a jókòó sí ló sọ ọ̀tún dòsì lójú wa. Mo sáré lọ ròyìn fún ìyá mi. Wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè nínú ẹ̀gúsí tí wọ́n ń bó.

"Mo mọ̀. Bàbá ẹ ti sọ fún mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ṣebí iwájú ni wọ́n jókòó sí."

Lónìí, inú àtẹ́lẹwọ́ lẹ ti ń wo sinimá, kálukú ní yàrá tirẹ̀. N ò bá yín jà, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú yín ń fi òsì kọ̀wé, kò sẹ́ni tó bi í léèrè, inú mi sì ń dùn. Ṣùgbọ́n ìyá mi, tí wọn kì í fi ìrun kankan jáfara, tí wọ́n kórìíra irọ́ bí ìgbẹ́, wọ́n pa irọ́ kan fún aránṣọ nítorí mi. Irọ́ yẹn ni mo fi tọ́ gbogbo bàbá àti ìyá yín.