Ìjà Àgbo àti Klorokúìn Nílé Wa

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní agboolé wa ní Ìlàrè, ibà kì í ṣe àlejò. Bí òjò bá ti ń rọ̀, tí koríko sì ga lẹ́yìnkùlé, ẹ̀fọn á dé, ibà á tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ò ní gbàgbé: ẹnu á korò, oòrùn á mú ganrínganrín, ìwọ á sì jókòó sínú rẹ̀, wàá máa gbọ̀n. Síbẹ̀, ẹ̀rù ibà ò bà wá tó ẹ̀rù oògùn rẹ̀.

Màmá Àgbà, ìyá bàbá wa, àgbo ló gbà gbọ́: èèpo máńgòrò, ewé dongoyárò àti ewé ìbẹ́pẹ, nínú ìkòkò dúdú kan tí òórùn rẹ̀ ń lé ewúrẹ́ jáde lágboolé. Bàbá wa, tíṣà ni, klorokúìn ló gbà gbọ́. Á ní, "Màámi, ayé ti lajú." Màmá Àgbà á ní, "Àgbo yìí náà ni mo fi tọ́jú rẹ tí ojú tìẹ fi là."

Lọ́dún kan, ibà mú èmi àti Ṣẹ́gun, ẹ̀gbọ́n mi, lẹ́ẹ̀kan náà. Màmá Àgbà wo àwa méjèèjì lórí ẹní, ó ní, "Ó dáa. Ẹ̀gbọ́n ni tèmi, àbúrò ni tìẹ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ bèèrè oúnjẹ, oògùn tiẹ̀ ló jẹ́." Bàbá gbà. Ìyá wa, tó wà láàárín ọkọ àti ìyá ọkọ, gbé garawa, ó lóun ń lọ pọn omi.

Wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo Ṣẹ́gun mọ́ ìkòkò àgbo, ó ń ké lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń sè. Mo fi í rẹ́rìn-ín títí ó fi kàn mí. Klorokúìn ọ̀hún yọ́ lórí ahọ́n mi kí n tó gbé e mì, ìkorò rẹ̀ dé etí. Nígbà tó yá, ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Mo họ ọ́ títí ó fi sú mi, ni mo bá lọ ń fi ẹ̀yìn ra ògiri bí àgbò.

Lọ́jọ́ kejì, mo bèèrè dòdò. Bàbá pàtẹ́wọ́. "Màámi, ẹ gbọ́ àbí ẹ ò gbọ́?"

Ayọ̀ yẹn ò pẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ṣẹ́gun dìde lórí ẹní, ó dọ̀bálẹ̀ fún ewúrẹ́ wa, ó ń fi orúkọ bàbá àgbà wa tó ti kú kí i. Mo rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíì kankan ò rẹ́rìn-ín. Màmá Àgbà fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, ó já aṣọ kan lórí okùn, ó fi pọ̀n ọ́n, ó kígbe: "Ọsibítù!" Bàbá ṣì ń wá bàtà nígbà tí Màmá Àgbà ti dé ojú títì, tó ń sáré, ìyá tó máa ń sọ pé orúnkún ò jẹ́ kóun rìn.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ Ṣẹ́gun, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n fa omi sí i lára. Nọ́ọ̀sì ní ká ní wọ́n pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ọ̀rọ̀ ì bá burú. Nígbà tí ojú Ṣẹ́gun wálẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ bèèrè ni bóyá mo ti jẹ dòdò tiẹ̀.

A rò pé Bàbá á fi ìyá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn ní, "Màámi, ẹsẹ̀ yín ló gba ọmọ yìí là."

Màmá Àgbà ní, "Abẹ́rẹ́ yín náà gbìyànjú."

Lónìí, àdúgbò Mayfair nílùú wa kan náà ni mò ń gbé, mo sì ti ní ọmọbìnrin tèmi. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, a kì í jiyàn. A ó gbé e lọ sí ọsibítù, wọn á gún un níka, wọn á kán ẹ̀jẹ̀ sórí ike pẹlẹbẹ kan, yóò sì fi hàn bóyá ibà ni tàbí kì í ṣe ibà. Bó bá jẹ́ ibà, wọn á fún un ní oògùn tó ń yọ́ nínú omi, láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí ara rẹ̀ tilẹ̀ yá, ó gbọ́dọ̀ lò ó tán. Kì í yún ara, ó sì dùn bíi súìtì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó mu tiẹ̀ tán, ó lá ṣíbí, ó ní, "Mọ́mì, ẹ fi kún un."

Mo dúró, mo ń wò ó. Nígbà tiwa, ọmọ ló ń sá fún oògùn. Lónìí, èmi ni mo gbé oògùn sá lọ sórí kọ́bọ́ọ̀dù, torí ọmọ ń lé e bọ̀.