Sàárà Lójú Ọ̀nà Irawo

Ẹni tó bá sọ pé àánú kì í pa ènìyàn lára, kó yà sí ṣọ́ọ̀bù Sàrátù aránṣọ ní Ṣakí, kó bi í léèrè. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì láti ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ kì í ṣe apá tí ènìyàn ń bá ṣeré. Ẹ̀rọ ìránṣọ ọlọ́wọ́ ló ń yí láti àárọ̀ dalẹ́, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń fi ọwọ́ wà ló sì ń gbé e lọ sílé àti sọ́jà. Àwọn ọlọ́kadà tó ń dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kì í bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Tíṣà Ládòkun ló kó eré ìje ràn án. Tíṣà eré ìdárayá ni bàbá yìí kó tó fẹ̀yìn tì, ìfẹ̀yìntì náà kò sì bá a lára mu, nítorí náà ohunkóhun tó bá ń lọ lójú títì ló máa ń fi aago ọwọ́ rẹ̀ wọ̀n, ì báà ṣe ọ̀kadà, ì báà ṣe ewúrẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wọn Sàrátù bó ṣe ń fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gun òkè tó wà lẹ́yìn gáréèjì. Ó rò pé aago ti bàjẹ́. Nígbà tó tún un wọ̀n lọ́jọ́ kejì tí kò yí padà, ó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

“Sàrátù, eléré ìje ni ọ́, ìwọ ni o kò tíì mọ̀.”

“Tíṣà, ẹ kú àárọ̀ o. Ṣé aṣọ lẹ fẹ́ dá ni?”

Kò dá aṣọ. Ó lọ bá Jẹ́ẹ́dé wẹ́dà, Jẹ́ẹ́dé sì gé irin kẹ̀kẹ́ náà, ó fa ọ̀pá rẹ̀ gùn, ó sọ ìjókòó rẹ̀ kalẹ̀ débi pé tí Sàrátù bá jókòó sínú rẹ̀, ewúrẹ́ ga jù ú lọ. “Ìyá Ramlah,” ló wí, orúkọ ọmọ Sàrátù ló fi ń pè é, “bíréèkì rẹ̀ kò dá mi lójú o. Ẹ ṣáà má dúró.” Odindi ọdún kan ni obìnrin yìí fi ń jáde lẹ́yìn ìrun àsùbáà, tó ń wa kẹ̀kẹ́ lọ sí apá Ìsẹ́yìn, tó ń wà á bọ̀, kí ó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Lẹ́tà kan wá dé látòkè, láti ọ̀dọ̀ àjọ eré ìje orílẹ̀-èdè, sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìdíje eré ọ̀nà jíjìn Òkè-Ògùn. Wọ́n ní ìdíje tí kò bá ní àwọn aláàbọ̀ ara nínú, àwọn kò ní kà á sí ìdíje àgbà mọ́. Wọ́n tún ní aláàbọ̀ ara tó bá parí eré náà láàárín wákàtí méjì àbọ̀, tí wọ́n sì kọ àsìkò rẹ̀ sínú ìwé, ni yóò lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ díje ní ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Tíṣà Ládòkun rí ẹ̀dà rẹ̀ kan gbà, ìlà kejì yìí sì ni Sàrátù há sórí. Ìlà kìn-ín-ní ló ba ìgbìmọ̀ lẹ́rù.

Olóyè Ọ̀jẹ̀túndé ni alága wọn, ọkùnrin tó jẹ́ pé tí kò bá sí kámẹ́rà níbì kan, bíi pé òun náà kò lọ síbẹ̀ ni. “Ẹ bá mi wá aláàbọ̀ ara kan kíákíá!” ló wí, àfi bí ẹni tó ń wá àga tí kò pé. Ibo ni wọ́n lọ? Ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí ni wọ́n lọ tààrà. Wọ́n bá àwọn bàbá méjì kan níbẹ̀, wọ́n ṣàlàyé eré ìje fún wọn, àwọn bàbá náà sì bi wọ́n pé aago mélòó ni oúnjẹ máa jáde. Nínú gbogbo ìbéèrè tí wọ́n bi ìgbìmọ̀ náà lọ́dún yẹn, òun ló mọ́gbọ́n dání jù.

Sàrátù ní tirẹ̀ gba fọ́ọ̀mù. Fọ́ọ̀mù náà ní kí ó sọ irú àìsàn tó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé, “Àwọn oníbàárà tó ń gbé aṣọ Iléyá wá nígbà tó bá ku ọ̀la.” Kò sẹ́ni tó kà á. Inú alága dùn púpọ̀ nígbà tó rí Sàrátù lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

“Ọmọ mi, má da ara rẹ láàmú rárá. Láti ibi òpó iná yẹn dé abẹ́ kánópì ni wàá wa kẹ̀kẹ́ rẹ. A ó ya fọ́tò, a ó fún ẹ ní ìrẹsì.”

“Ẹ ṣeun, bàbá. Ṣé ibi òpó iná náà ni àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ti máa bẹ̀rẹ̀?”

Alága rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí Tíṣà Ládòkun fa ẹ̀dà lẹ́tà náà yọ lápò, tó sì kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo wọn, ni ẹ̀rín náà tán. Wọ́n gbà kí ó bá wọn bẹ̀rẹ̀ láti Irawo wá sí Ṣakí, ṣùgbọ́n ojú tí wọ́n fi wò ó ni ojú tí wọ́n fi ń wo ọmọ tó ní òun fẹ́ gbé odó.

Ọjọ́ Sátidé ló yẹ kí eré náà bọ́ sí. Àmọ́ òkú mẹ́ta ni alága fẹ́ bá wọn sin lọ́jọ́ Sátidé yẹn, òkú ọlọ́lá sì ni gbogbo wọn. Bí wọ́n ṣe gbé eré sí àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ nìyẹn. Ènìyàn mẹ́tàlá ló wà nínú ìgbìmọ̀, Alájì ni méje nínú wọn, kò sì sí ọ̀kan ṣoṣo tó rántí ohun tí àárọ̀ Jímọ̀ jẹ́ lójú ọ̀nà yẹn. Ọjọ́ sàárà ni. Ẹni tó lá àlákálàá, ẹni tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ rìnrìn àjò, ẹni tó ń wá ọmọ, gbogbo wọn ló ń dín àkàrà, tí wọ́n ń wá ẹni tí wọn yóò fi tọrẹ. Ẹni tó bá sì ní àbùkù ara ni wọ́n ń wá jù, nítorí wọ́n gbà pé àdúrà tirẹ̀ kì í pẹ́ dé ọ̀run. Àwọn ọjọ́ mìíràn, wọ́n á wá irú ẹni bẹ́ẹ̀ títí kó tó yọjú. Lọ́jọ́ yìí, ó fọwọ́ ara rẹ̀ wa kẹ̀kẹ́ wá bá wọn nílé.

Ìbọn dún ní Irawo, ọgọ́ta ènìyàn ló gbéra pẹ̀lú Sàrátù. Ọyẹ́ mú gan-an. Wọ́n kọ́kọ́ fi í sílẹ̀ níbi òkè àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í dà gẹ̀rẹ́, ó kọjá lára wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí kò fi sí ẹnikẹ́ni níwájú rẹ̀ mọ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń dá rẹ́rìn-ín. Ó yà fún gbòdò èlùbọ́ tí wọ́n sá sí etí títì, ó yà fún ewúrẹ́, ó wọ abúlé àkọ́kọ́ pẹ̀lú eré àsápajúdé.

Àwo àkàrà ló kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà ló rí ìyá àgbà tó gbé e lọ́wọ́.

“Ọmọ mi, dúró!”

“Ìyá, ẹ má bínú, eré ni mò ń sá!”

“Eré kí ni aláìlẹ́sẹ̀ ń sá?” Ìyá náà bọ́ sáàárín títì, ó dúró gbọn-in. Bíréèkì Jẹ́ẹ́dé ké, kẹ̀kẹ́ dúró. Ta ni yóò fi ọwọ́ kan gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà? Ọwọ́ méjèèjì ni, ọwọ́ méjèèjì náà sì ni ẹsẹ̀ Sàrátù. Ó gba àkàrà. Ó fẹ́ ṣí, ìyá kò kúrò lọ́nà, nítorí sàárà tí wọn kò ṣàdúrà sí kò tíì kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. Ọmọ ìyá kan wà ní Sáúdì, wọn kò gbọdọ̀ lé e padà. Ọ̀kan ń wáṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ọ̀kan kò tíì fẹ́yàwó. Bí Sàrátù ṣe ń tọrọ ìyàwó fún ẹni tí kò mọ̀ rí, ó ń gbọ́ gìrìgìrì ẹsẹ̀ àwọn eléré bí wọ́n ṣe ń kọjá lára rẹ̀.

Ó tún lé wọn bá. Wọ́n tún dá a dúró. Màsà ni tibẹ̀, lẹ́yìn màsà, dàbínù, lẹ́yìn dàbínù, àgbẹ̀ kan to iṣu mẹ́ta sí i lẹ́sẹ̀, ó ní kí ó bá òun bẹ Ọlọ́run kí Fúlàní má fi màlúù jẹ oko òun. Tíṣà Ládòkun ń bọ̀ lẹ́yìn lórí ọ̀kadà, ó ń fọn fèrè, ó ń pariwo pé, “Ẹ fi í sílẹ̀! Ẹ fi í sílẹ̀!” Wọ́n rò pé òun ló ń bá a gba sàárà kiri. Wọ́n gbé igbá màsà kan lé òun náà lọ́wọ́.

Nígbà tó di abúlé kẹta, omi ń dà lójú Sàrátù, kì í sì í ṣe ti ọyẹ́. Kì í ṣe pé inú àwọn ènìyàn yìí burú. Ohun tó ń dùn ún gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá sọ òkúta lù ọ́, o lè ṣẹ́ èpè fún un; ẹni tó bá fi àkàrà dí ọ lọ́nà, àmín lo máa ṣe. Ogójì ènìyàn ló ti wà níwájú rẹ̀. Alájì Sódìq, ọkùnrin gíga kan tó ń ta ọkà bàbà, na ọwọ́ síwájú títì, ó gbá àkùkọ adìẹ kan mọ́ abẹ́ apá, ààyè sì ni àkùkọ náà wà.

Sàrátù kò dúró. “Alájì!” ló pariwo. “Ẹ gbé e tẹ̀lé mi! Ṣakí ni mo ti máa ṣàdúrà! Gbogbo yín, Ṣakí ni o!”

Ó ti rò pé wọ́n á bínú, wọ́n á wọlé lọ. Kò mọ àwọn ènìyàn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Alájì Sódìq dá ọ̀kadà dúró, àwọn tó gbé àwo lọ́wọ́ dá tiwọn, ìgbà tó sì fi máa ku díẹ̀ kí wọ́n dé Ṣakí, ọ̀kadà bí ogún ló ń tẹ̀ lé obìnrin kan ṣoṣo, pẹ̀lú igbá, pẹ̀lú àwo, pẹ̀lú àkùkọ tó ń kọ. Ó ti ju iṣu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú koríko. Ó fi gbogbo ìbínú rẹ̀ yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ó ń kọjá lára àwọn ẹlẹ́sẹ̀, àwọn yẹn sì ń yà fún un.

Ní òpin eré, ẹ̀ṣọ́ kan na ọ̀pá dí i lọ́nà. “Àwọn onísàárà, ẹ gba ẹ̀yìn kánópì lọ!” Ìjókòó tí Jẹ́ẹ́dé sọ kalẹ̀ wúlò níbí, abẹ́ ọ̀pá náà ni Sàrátù gbà, ó sì kọjá ìlà. Gbémisọ́lá, ọmọbìnrin tó ń kọ àsìkò, wo aago, ó gbé bírò, ó wá wo ojú alága.

“Má ì kọ ọ́,” ni Olóyè Ọ̀jẹ̀túndé wí. “Ètò tirẹ̀ yàtọ̀.” Ó fa àpò ìrẹsì kan síwájú kẹ̀kẹ́, ó tún fìlà ṣe, ó rí i dájú pé kámẹ́rà ń wo òun. “Ó yá, ọmọ mi. Ṣàdúrà fún wa.”

Sàrátù ká ọwọ́ méjèèjì sí àyà. “Bàbá, mi ò ní ṣàdúrà kankan títí wọ́n á fi kọ àsìkò mi.”

Alága tún rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́kadà ti dé, àwọn aláwo ti rọ́ wọ abẹ́ kánópì, wọ́n sì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. “Kí ni kò ní ṣe?” ni Alájì Sódìq bi wọ́n. “Àdúrà wo ni kò ní ṣe? Láti abúlé mi ni mo ti gbé àkùkọ yìí wá! Olóyè, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́! Ṣé ẹ fẹ́ kí sàárà wa ó bà jẹ́ ni?” Ariwo sọ. Ẹnì kan ní ọmọ òun ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ́la. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Gbémisọ́lá kò dúró de alága mọ́, ó kọ ọ́ sílẹ̀: Sàrátù Ràsáàkì, wákàtí méjì, ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún. Sàrátù ní kí ó gbé ìwé náà wá. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó wò ó pé àárín àwọn eléré yòókù ni orúkọ òun wà, ó sì ní kí ó fọwọ́ sí i.

Ó wá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó ti bó. Gbogbo abẹ́ kánópì tẹ́ tiwọn.

“Ọlọ́run Ọba, gbogbo ẹni tó ṣàánú mi lónìí…”

“Àmín!”

“Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń sáré lọ síbi oore tiwọn…”

“Àmín!”

“Tó bá ku díẹ̀ kí ọwọ́ wọn tó o…”

“Àmín o!”

“Jẹ́ kí aláàánú bíi tiwọn bọ́ sáàárín ọ̀nà, kó na nǹkan sí wọn, kó má jẹ́ kí wọ́n kọjá.”

“Àmín, àṣẹ, Àmín!” Ti alága ló ròkè jù. Alájì Sódìq nìkan ni kò parí tirẹ̀. Ó ya ẹnu sílẹ̀, ó ń wo àkùkọ abẹ́ apá rẹ̀.