Ẹni Tó Ń Jókòó Lórí Àtẹ̀gùn

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọba, ìyàwó mi ti ṣaláìsí. Àwọn ọmọ wà níbi iṣẹ́ wọn, wọ́n ń pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú. Láàárín Àìkú kan sí èkejì, kò sẹ́ni tó ń dárúkọ mi nínú ilé mi ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mo lè jí, kí n gbálẹ̀, kí n jẹun, kí n sùn, kí n má sọ gbólóhùn kan. Ẹ̀rù kan wà tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni: pé bí mo bá ṣubú ní balùwẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ó lè di Àìkú kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wá ibi tí àwọn èèyàn ti ń fi ìwọ̀ pẹja. Mo mọ ìwọ̀ lò láti kékeré. Mo pẹ́ kí n tó wọ ilé ìwé, odò ni mo kọ́kọ́ mọ̀. Nígbà tí wọ́n wá fi mí sílé ìwé, àwọn ọmọ tí mo lè gbé pọ̀n ni mo bá jókòó, mi ò sì rí nǹkan kan bá wọn sọ. Láti ìgbà náà ló ti mọ́ mi lára láti wà láàárín èèyàn láì sọ̀rọ̀. Bí àwọn oníwọ̀ ṣe ń jókòó náà nìyẹn.

Eékún mi ni ò jẹ́ kó rọrùn. Mo lọ sí etí ọ̀sà lápá Waterside, ẹrẹ̀ ibẹ̀ gbé ẹsẹ̀ mi mì dé ojúgun, àwọn èèyàn ló fà mí jáde. Mo gbìyànjú abẹ́ afárá kan, àwọn tó ń wa iyanrìn ti da omi ibẹ̀ rú. Ọlọ́kadà kan ló sọ fún mi pé odò kan wà lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ tó ní àtẹ̀gùn sìmẹ́ńtì. Ó ní wọ́n fẹ́ máa fa omi ibẹ̀ wọ ìlú nígbà kan. Ẹ̀rọ ò dé, àtẹ̀gùn ló kù.

Àárọ̀ ọjọ́ kan lásìkò ọyẹ́ ni mo débẹ̀. Kùrukùru bo omi débi pé mi ò rí òdì kejì. Àwọn ọkùnrin méjì ti wà níbẹ̀. Bàbá àgbà kan jókòó sídìí ọparun. Èkejì, tó tó ẹgbẹ́ mi, dé fìlà funfun, ó jókòó sórí òkúta kan. Láàárín wọn ni àtẹ̀gùn náà wà. Ọ̀pá ìwọ̀ kan sinmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí igi tó yà sí méjì, okùn rẹ̀ wà nínú omi. Mo rò pé ọ̀kan nínú wọn ló ni ín.

Mo kí wọn, mo sì jókòó síbi tí eékún mi gbà, orí àtẹ̀gùn. Mo rí i pé wọ́n wojú ara wọn. Mo fẹ́ sọ orúkọ mi fún wọn, Bàbá gbọ́wọ́ sókè.

"Dúró ná. A kì í dárúkọ èèyàn létí omi níbí. Omi ń gbọ́."

"Kí la wá ń pera wa, sà?"

"Ibi tí kálukú bá jókòó sí. Ìdí Ọparun lèmi. Orí Òkúta nìyẹn. Ó ti jókòó síbẹ̀ pẹ́ débi pé òkúta náà ti ń jọ ìdí rẹ̀."

"Ẹ má dá Bàbá lóhùn," ni onífìlà wí. "Ẹja ò jẹ ìwọ̀ wọn láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Inú ló ń bí wọn."

"Èmi wá ńkọ́?"

Bàbá wo ọ̀pá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Orí Àtẹ̀gùn," ló wí.

Báyìí ni mo ṣe di ẹni tí wọ́n ń retí níbì kan. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń kó èrò ló ń gbé mi lọ, ló ń gbé mi bọ̀. Mi ò gbé ọ̀pá mi wálé mọ́, abẹ́ ọparun ni gbogbo wa ń tọ́jú tiwa sí. Bí oòrùn bá mú, a ó rẹ gàrí, a ó fi ẹja epìyà tí a sun mu ún. Orí Òkúta á ṣe àlùwàlá létí omi, á kírun, á padà sórí òkúta rẹ̀. Ó ti fa ìsọ̀ rẹ̀ lé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ìsọ̀ kí ni, ilé rẹ̀ wà ní àdúgbò wo, mi ò bi í. Bí a bá gòkè dé ojú títì nírọ̀lẹ́, kálukú ń bá tirẹ̀ lọ ni.

Omi ibẹ̀ dákẹ́ ju bó ṣe yẹ kí omi dákẹ́ lọ. Mi ò gbọ́ ọ̀pọ̀lọ́ níbẹ̀ rí. Mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ lórí ewé gbígbẹ lẹ́yìn mi, bí ti ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀. Bí mo bá wẹ̀yìn, kò ní sí ẹnì kan. Mo ní ọ̀kẹ́rẹ́ ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀pá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tẹ̀ wọnú omi.

"Bàbá, ìwọ̀ yín ń fà o."

"Kì í ṣe tèmi."

Mo yíjú sí Orí Òkúta. Ó mi orí. Ọ̀pá náà tẹ̀, ó gbọ̀n, ó tún nà. Kò sẹ́ni tó dìde.

"Ta ló ni ín?"

"Orí Àtẹ̀gùn ni," ni Bàbá wí.

"Èmi kọ́, sà. Tèmi nìyí lọ́wọ́ mi."

"Orí Àtẹ̀gùn tó wà níbẹ̀ kó o tó dé."

Orí Òkúta ló sọ ìyókù. Ó ní ọkùnrin náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó ń dá gbé, èyí nìkan ni wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní òun fẹ́ gòkè lọ sí títì díẹ̀, òun ń bọ̀. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀. Kò padà wá. Wọ́n bi àwọn ọlọ́kadà léèrè, ṣùgbọ́n irú èèyàn wo ni wọn yóò ní àwọn ń wá? Wọn ò mọ orúkọ rẹ̀. Wọn ò mọ̀ bóyá Ìbẹ̀fún ló ti ń wá tàbí Ìjẹ̀bú-Òde.

"Bóyá ó ṣì wà nínú ilé rẹ̀," ni Orí Òkúta wí. Ó tún fìlà rẹ̀ dé. "Bóyá inú ilé rẹ̀ ló wà di ìsinsìnyí."

Mi ò lè jẹun nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Balùwẹ̀ mi ni mo ń wò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi àti àwọn méjèèjì pàdé lórí títì, a jọ sọ̀kalẹ̀. Ìrì wà lórí koríko, kò sí ojú ẹsẹ̀ kankan níwájú wa. Nígbà tí mo dé orí àtẹ̀gùn, mo fa okùn ọkùnrin náà sókè láti wò ó. Ìjẹ wà lórí ìwọ̀ rẹ̀: gàrí tí wọ́n fi epo pupa pò, tí wọ́n ṣù róbótó. Kò tíì rọ̀ rárá. Gàrí kì í sì í pẹ́ nínú omi kó tó tú.

"Ẹ ṣeun tí ẹ ń bá a fi ìjẹ sí i," ni mo wí.

"Ta ló ń fi sí i?" ni Bàbá bi mí. "Mo rò pé Orí Òkúta ni."

"Mo rò pé ẹ̀yin ni, Bàbá. Nígbà tí Orí Àtẹ̀gùn yìí dé, mo ní òun ni yóò máa ṣe é báyìí, torí òun ló sún mọ́ ọn."

Ekòló lèmi ń lò. Ekòló ni Bàbá ń lò. Ọṣẹ ni Orí Òkúta ń lò.

Mo rọra dá okùn náà padà. A jókòó, torí a ò mọ ohun mìíràn tí a lè ṣe. Kò sí ẹja tó jẹ ìwọ̀ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí a gòkè dé títì nírọ̀lẹ́, mo ní kí wọ́n dúró. Ẹ̀rù ń bà mí láti sọ ọ́. Mo ní a ti kúrò létí omi. Mo sọ orúkọ mi fún wọn, ti bàbá mi náà, àti àdúgbò mi, àti àwọ̀ géètì mi. Mo ní bí wọn ò bá rí mi, kí wọ́n jọ̀ọ́ wá wò mí.

Bàbá wo ẹ̀yìn, sí ọ̀nà odò. Ó wá sún mọ́ mi, ó sì sọ tirẹ̀ sí mi létí. Orí Òkúta náà sọ tirẹ̀.

Kò pẹ́ sí i ni ibà dá mi dùbúlẹ̀. Mo fi fóònù sórí tábìlì, mi ò lágbára láti lọ mú un. Nígbà tí oòrùn kanrí, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń kan géètì, tó ń pe orúkọ mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn nínú ilé yẹn. Mi ò kọ́kọ́ dáhùn. Mo jẹ́ kó pè é lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n lè mọ̀ pé láti ojú títì ló ti ń wá. Mo wá di ògiri mú, mo lọ ṣí géètì.

Bàbá ni. Àagùn bò ó, ẹrẹ̀ odò wà ní ṣòkòtò rẹ̀.

"O wà," ló wí.

"Mo wà, sà. Ibà ni."

Ó di géètì mú.

"Ibo lo fi ọ̀pá rẹ sí lánàá?"

"Abẹ́ ọparun, bí mo ṣe máa ń ṣe."

"Kò sí níbẹ̀ láàárọ̀ yìí. Orí igi tó yà sí méjì ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọkùnrin tí kò padà wá yẹn. Okùn rẹ̀ wà nínú omi." Ó nu ojú rẹ̀. "Mo fà á sókè. Gàrí eléepo wà lórí ìwọ̀ rẹ."

Mo fẹ̀yìn ti ògiri.

"Mo já a dànù," ló wí. "Mo já ìwọ̀ náà kúrò. Orí Òkúta lọ ra oògùn, ó ń bọ̀ lẹ́yìn."

Mo ní kó wọlé. Ó jókòó sórí àga tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí. Mo wá ife kejì dé ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù, eruku ti bò ó. Mo ṣan án, mo sì bu omi fún un.