Kíkà Dé Ọgọ́rùn-ún Ṣáájú Kérésìmesì

Pákó mẹ́tàdínlógójì ló wà lórí afárá tó lọ láti ilé ìyá mi dé ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí. Mo kà wọ́n. Mẹ́rin ti jẹrà, ẹyọ kan sì ti já bọ́, àyè rẹ̀ ṣófo. Inú àyè yẹn ni ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, fẹ́ gbé ẹsẹ̀ sí ní ọjọ́ kejì tí a dé fún ìsinmi Kérésìmesì, nítorí pé fóònù mi ló ń wò bó ṣe ń rìn. Mo fà á lẹ́yìn aṣọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti rọ̀ sísàlẹ̀.

Mo gba fóònù náà, mo tì í mọ́ inú àpótí ìyá mi, mo sì fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọrùn.

Ìgbà yẹn ni wàhálà tòótọ́ bẹ̀rẹ̀. Ní Òkìtìpupa, níbi tí mo ti ń wọn pákó ní ibi ìlagi, bí ariwo ọmọ bá sú wa, a máa ń ní kó lọ ṣeré níta. Ní abúlé wa, omi ni ìta. Orí òpó ni gbogbo ilé wà. Bí omi bá kún, ẹsẹ̀ bàtà méje ló jìn lábẹ́ fàráńdà. Mo fi ọ̀pá ìtukọ̀ wọ̀n ọ́n. Bí ó bá fà tán, ó máa ń ku mẹ́ta. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún márùn-ún, kò ga tó mẹ́rin. Àwọn méjèèjì kò mọ̀wẹ̀. Ẹ̀bi mi ni. Orí ilẹ̀ ni mo bí wọn sí, inú mi sì ń dùn pé orí ilẹ̀ ni. Ìyá wọn ń tajà ọdún lọ́wọ́, kò lè bá wa wá.

Mo mú ìwé, mo kọ ètò sí i. Aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án, àlọ́. Mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá, ayò. Mẹ́wàá sí mọ́kànlá, àwòrán yíyà. Nígbà tí aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú, àlọ́ ti tán lẹ́nu mi. Márùn-ún péré ni mo mọ̀, Ìjàpá ló sì wà nínú mẹ́rin. Ọmọkùnrin náà na ìka síwájú mi, ó fi ń fa afẹ́fẹ́ sókè.

"Kí lò ń ṣe?"

"Mo fẹ́ kí òmíràn wọlé, Dádì. Mo ti wo èyí."

Ayò kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó rí i pé bí òun bá ju ọmọ ayò sí àlàfo ilẹ̀ pákó, yóò dún nínú omi lábẹ́ ilé. Méjìdínláàádọ́ta ni wọ́n láàárọ̀. Lọ́sàn-án, ó ku mọ́kàndínlógún.

Ní ọjọ́ kẹta, mo wá kẹ́ẹ̀gì òfìfo onílítà márùn-ún méjì, mo dé wọn pa, mo sì fi okùn àwọ̀n dè wọ́n mọ́ àwọn ọmọ náà lẹ́yìn. Bí wọ́n bá jábọ́, wọn yóò léfòó. Mo ní kí wọ́n má tú u àfi nígbà tí wọ́n bá ń wẹ̀ tàbí tí wọ́n bá ń sùn. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ àdúgbò fi tukọ̀ kọjá.

"Ẹ wá wo ìgbín ìlú òkè!" ni wọ́n ń ké. "Ìgbín, ẹ kú ilé o! Ṣé ẹ ti ń yọjú?"

Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ń fò sókè sódò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ yàrá lọ, kò sì jáde títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ìyé, bí a ṣe ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa, ń ṣa edé nínú atẹ. Kò gbójú sókè.

"Ṣé mo de kẹ́ẹ̀gì mọ́ ìwọ lẹ́yìn rí?"

"Rárá, Ìyé."

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ kọ́ mi ní ìwẹ̀."

"Irọ́. Mo jù ọ́ sódò ni."

Òun náà ló sọ fún ọmọbìnrin náà nípa ọkọ̀ Kérésìmesì. Ní àárọ̀ ọjọ́ ọdún, àwọn ọmọdé máa ń fúnra wọn tukọ̀ láti ilé dé ilé. Wọ́n á kọrin, wọ́n á gba bísíkíìtì àti ìrẹsì, wọ́n á sì jẹ ẹ́ pọ̀. Àgbàlagbà kì í bá wọn wọ̀ ọ́, ọmọ tí kò mọ̀wẹ̀ náà kì í wọ̀ ọ́.

"Dádì, mo fẹ́ lọ."

"Màá fi ọkọ̀ gbé ọ lọ fúnra mi."

"Ta ló ń bá dádì rẹ̀ lọ?"

Ó ku ọjọ́ mẹ́fà. Mo sọ fún un pé bí ó bá lè léfòó láìdi nǹkan kan mú, tí mo fi ka oókan dé ọgọ́rùn-ún, yóò lọ. N kò ṣàdédé mú ọgọ́rùn-ún: mo fẹ́ mọ bí yóò ti pẹ́ tó kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bí ọkọ̀ bá dojú dé. Mo bẹ́ sódò láti fàráńdà, mo wẹ̀ dé àárín odò, mo sì ń kà bí mo ṣe ń lọ. Ó gbà mí ní mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Mo fi mẹ́rìnlá kún un nítorí ìpayà.

"Ẹja wo lo rí tó ń ka iye?" ni Ìyé wí.

Nígbàkigbà tí omi bá fà, a máa ń sọ̀kalẹ̀. Mo máa ń fi ọwọ́ gbé e níkùn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó dé ẹẹ́ta kó tó mu omi. Lọ́jọ́ kejì, ó dé mọ́kànlá. Lọ́jọ́ kẹta, ó kígbe mọ́ mi.

"Dádì, ẹ fi mí sílẹ̀! Ọwọ́ yín ló ń rì mí!"

Mo ní ọwọ́ kì í ri ènìyàn. Mo yọ ọ́, ṣùgbọ́n kí n tó ka àrún, mo ti dá a padà. Mo mọ̀ pé mo ń dá a padà. Bí mo ṣe ń pinnu pé n kò ní ṣe é mọ́ ni mo tún ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ kẹrin sì ṣe lọ.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú ọdún, mo di ọwọ́ mi méjèèjì mú sẹ́yìn. Ó léfòó. Mo kà, mo ń kà, ó dé méjìlélọ́gọ́ta kí ó tó fẹsẹ̀ tẹlẹ̀.

"Ṣé kò tó?"

Ó ku méjìdínlógójì. "Kò tó."

"Ọmọ tí kò mọ nǹkan kan lọ́sẹ̀ tó kọjá," ni Ìyé wí láti orí fàráńdà. "Ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé pákó lo pè é ni?"

Mo ní bí mo bá yí i padà, a jẹ́ pé lásán ni mo wọ̀n ọ́n.

Ní àárọ̀ Kérésìmesì, ọkọ̀ náà dé, ọmọ méje wà nínú rẹ̀. Èyí tó kéré jù kò ju ọmọkùnrin mi lọ. Wọ́n ti fi àyè sílẹ̀ láàárín.

"Ìgbín dà? Kó máa bọ̀ kíá!"

Mo ní kò ní lọ. Wọ́n di òpó ilé wa mú díẹ̀, wọ́n ń wo ojú ara wọn, lẹ́yìn náà wọ́n tukọ̀ lọ. A gbọ́ orin wọn nílé kejì, a gbọ́ ọ nílé kẹta. Ọmọbìnrin mi jókòó pẹ̀lú aṣọ ọdún lọ́rùn. Mo tú kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn mi, mo ṣí àpótí, mo sì gbé fóònù wá.

"Gbà. Wò ó títí iná rẹ̀ fi máa tán."

Ó wò ó bí ẹni ń wo abọ́ tí ẹlòmíràn ti jẹun tán nínú rẹ̀. "Ẹ fún un," ni ó wí, ó fi ẹnu tọ́ka sí àbúrò rẹ̀. Ìyẹn ti na ọwọ́.

Lọ́jọ́ kejì ọdún, ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ ló pè mí nígbà tí omi fà. Ó sùn sórí omi, mo sì dúró ní ìwọ̀n apá méjì sí i. Mo ka ọgọ́rùn-ún, mo dákẹ́. Òun ń kà á lọ, ó dé àádóje, kí ó tó dìde, tí ó sì fi ọwọ́ nu ojú.

"Dádì, lọ́dún tó ń bọ̀, mélòó lẹ máa ní kí n kà?"

Mo ti ń ṣírò rẹ̀.